Bàbá tí kò gbálẹ̀ rí àti ọmọ mẹ́ta: báwo ni a ṣe ń kọ́ ìtọ́jú ilé?

Olùkọ́ Ìsánlú (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Okun o, gbogbo ará ilé. Wọ́n gbé ìyàwó mi lọ sí Lọ́kọ́ja lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ń wọlé, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló sì ń padà. Èmi ni mo wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ní Ìsánlú: obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 13, ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 9, àti àbíkẹ́yìn, ọkùnrin, ọmọ ọdún 4. Èmi nìkan ni ọkùnrin tí ìyá mi bí láàárín obìnrin márùn-ún. Bí mo bá mú ìgbálẹ̀ nígbà náà, ìyá mi ni yóò kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ mi, yóò ní kí n lọ kàwé. Mo kàwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tún ilé ṣe.

Ọyẹ́ ti wá dé báyìí. Mo ń gbálẹ̀ láàárọ̀ kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí n óò bá fi dé, erukú orí tábìlì á ti nípọn débi pé àbíkẹ́yìn mi ń fi ìka kọ lẹ́tà A sí i. Àwọn ẹbí kan ní kí n lọ mú ọmọ ọ̀dọ̀ wá láti oko. N kò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa gbálẹ̀ kí àwọn tèmi máa wò ó. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ lé lórí. Àgbàlagbà tí kò kọ́ iṣẹ́ ilé ní kékeré, ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Báwo ni mo sì ṣe lè mú àwọn ọmọ wọ inú iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé gbogbo rẹ̀ já lé ọmọbìnrin lórí, tàbí pé mò ń pariwo láti àárọ̀ di alẹ́?

Màmá Kàbà

Olùkọ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ilé tí àwọn àlejò ń wọ̀ sí ni mo ń bójú tó ní Kàbà, yàrá títúnṣe ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́.

Ètò ni ẹ kò tíì ní, agbára kò wọ́n yín. Òkè ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé. Ẹ so ìgbálẹ̀ mọ́ igi gígùn, kí ẹ fi kó òwú aláǹtakùn kúrò ní àjà àti ní igun ògiri. Lẹ́yìn náà ni fáànù: ẹ pa á, ẹ dúró sórí àga tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ ki apá fáànù kọ̀ọ̀kan bọ inú àpò ìrọ̀rí tó ti gbó, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fún un láti ìta, kí ẹ wá fà á yọ. Inú àpò ni gbogbo erukú yóò kó sí. Bí ẹ bá fi àkísà nù ún lásán, orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò dà sí. Lẹ́yìn fáànù, ẹ kọjá sí nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, nítorí ibẹ̀ ni erukú ọyẹ́ ń fara pamọ́ sí, tí atẹ́gùn díẹ̀ á sì tún fẹ́ ẹ wọlé. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi ọṣẹ díẹ̀ ti tó o. Lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì ni àga àti tábìlì, ilẹ̀ ló sì ń kẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbálẹ̀ kó tó nu òkè yóò gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ọyẹ́ fúnra rẹ̀, erukú yẹn ti aṣálẹ̀ òkè Àríwá wá, ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn rẹ̀ sì ti ń fẹ́. Ẹ ti fèrèsé ìhà ibẹ̀ kí ẹ tó jáde láàárọ̀, kí ẹ ṣí ti òdìkejì díẹ̀. Ẹ má ṣe fi àkísà gbígbẹ nu ohunkóhun lásìkò yìí, àkísà tí ẹ rẹ sínú omi tí ẹ sì fún dáadáa ni kí ẹ lò, torí pé erukú tí a bá gbọ̀n dànù nínú yàrá kò lọ síbì kan. Kí ẹ tó gbálẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ táìsì tàbí sìmẹ́ǹtì dídán, ẹ fi mọ́ọ̀pù dípò ìgbálẹ̀ títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni ẹ nílò, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún omi tí ẹ ó máa fi ṣan mọ́ọ̀pù. Láti kọ̀rọ̀ yàrá ni kí ẹ ti máa bọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ má baà fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí ẹ ti nù.

Ẹ má sì sọ pé ojoojúmọ́ ni ẹ ó máa ṣe gbogbo èyí. Àjà, fáànù àti nẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ọjọ́ Sátidé. Abọ́, ilẹ̀, tábìlì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ti ojoojúmọ́.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà

Mo fẹ́ fi nǹkan kún ohun tí Màmá Kàbà sọ, nítorí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ilé sábà máa ń ra gbogbo oògùn ìfọlé tó bá rí lọ́jà, á wá pò wọ́n pọ̀ pé kó lè lágbára. Ẹ jọ̀wọ́, Hypo tàbí Jik kò gbọdọ̀ pàdé oògùn ìfọ̀gbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì. Gáàsì kúlórínì ló ń jáde níbẹ̀, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń bá jà. Ìtọ̀ tó ti dì sílẹ̀ náà ní amóníà nínú, gáàsì burúkú mìíràn sì ń jáde bí Hypo bá kàn án, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dáadáa, kí ẹ ṣan án, kí ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ tó da Hypo tí ẹ ti fi omi tútù là sí i. Ìdí mìíràn tún wà tí ọṣẹ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú: ìdọ̀tí máa ń jẹ agbára Hypo tán kó tó kan kòkòrò àìsàn. Bí ẹ bá sì dà á síbi tó mọ́, ẹ jẹ́ kó dúró fún bí ìṣẹ́jú 10, ẹ má nù ún kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nípa ọmọ ọdún 4 tó wà nílé: ẹ má ṣe da Hypo tàbí kẹrosíìnì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láéláé, nítorí ohun tó mọ ìgò náà mọ́ ni yóò rò pé ó wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá ṣèèṣì gbé e mu, ẹ má ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì ṣe ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì í. Kẹrosíìnì tí ọmọ bá ń bì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ibẹ̀ gan-an ló ti ń ṣe é léṣe jù. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, pẹ̀lú ìgò tó mu.

Ẹ̀ẹ̀rùn tí a wà yìí náà ni ìgbà tí ibà Lassa máa ń pọ̀ jù lọ, Ìpínlẹ̀ Kogí sì wà lára àwọn ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969. Eku ló ń gbé e, nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku lẹ́yìn àpótí tàbí nínú àká, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a kí erukú rẹ̀ má baà gbéra. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ da omi Hypo sí i títí yóò fi rin, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó fi àkísà tí ẹ lè jù nù kó o. Àgbàlagbà ni kó ṣe ìyẹn, kì í ṣe ọmọ. Gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ ní láti wà nínú ohun tó ní ìdérí tó le. Kò yẹ kí abọ́ àjẹkù sùn mọ́jú sínú ilé ìdáná.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kejì ló kàn mí. Ní Japan, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń gbá kíláàsì wọn, tí wọ́n sì ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ fúnra wọn; apá kan ẹ̀kọ́ ni wọ́n kà á sí. Dókítà obìnrin ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Maria Montessori náà ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọdé ní Róòmù ní 1907, gbígbálẹ̀ àti nínu tábìlì sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí á mú nínú tirẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí irinṣẹ́ bá ọwọ́ ọmọ mu. Ìgbálẹ̀ tí àgbàlagbà fi ń gbá àgbàlá máa ń wúwo lọ́wọ́ ọmọ ọdún 4. Ẹ yọ ìwọ̀nba ọwọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ dì í ní kékeré fún un, ẹ fún un ní àkísà tó tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti ike omi kékeré, kí ẹ wá wo bí yóò ṣe máa tẹ̀ lé yín kiri.

Bàbá Ìyàrà

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, kí ló gbé ọ dé Japan? Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ wa ló ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kí aago ìpéjọ tó lù, olúkúlùkù ló sì ní pọ́ọ̀ṣọ̀n tó ń ro. Nígbà tí ìjọba ológun gbé WAI, ìpolongo wọn lòdì sí ìwà ìbàjẹ́ àti àìgbọràn sí òfin, dé ní 1984, tí ìmọ́tótó àyíká sì wá di apá kan rẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ kò rí i bí ohun tuntun.

Ṣùgbọ́n ohun kan ba iṣẹ́ yẹn jẹ́ lójú àwọn ọmọ, mo sì fẹ́ kí olùkọ́ gbọ́ ọ dáadáa nítorí pé olùkọ́ ni. Bí ọmọ bá pẹ́ dé, a ní kó lọ ro pọ́ọ̀ṣọ̀n. Bí ó bá pariwo ní kíláàsì, a ní kó lọ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tó jẹ́ ojúṣe gbogbo wa ṣe di ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀, ọmọ tí kò ṣẹ̀ á wá máa wò ó pé kí ló dé tí òun yóò fi fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Ọmọ mi, bí ọmọ rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, wá ọ̀nà mìíràn bá a wí. Má fi abọ́ fífọ̀ jẹ ẹ́ níyà, bí o bá fẹ́ kó máa fọ abọ́ láìjẹ́ pé o pè é.

Oníkájú Ìjùmú

Ẹ má bínú o, bàbá, ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan. Bí àkókò kájú bá dé, mo ń san owó fún àwọn ọmọ mi lórí iye kóró tí wọ́n bá ṣà, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ lóko. Ṣé kò ní dára kí á máa san díẹ̀ fún iṣẹ́ ilé náà?

Bàbá Ìyàrà

Kájú, ọjà ni, ìwọ náà yóò tà á. Ta ló fẹ́ ra abọ́ tí ọmọ rẹ fọ̀? Òun náà ló jẹun nínú rẹ̀. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í san owó abọ́, ọjọ́ tí kò bá nílò owó ni yóò sọ fún ọ pé òun kò fọ abọ́ lónìí, o kò sì ní rí èsì fún un.

Àǹtí Ayétòrò

Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá wí, mo sì fẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ mẹ́ta tí olùkọ́ ní, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń ṣe ni pé wọ́n ń rán ọmọ ní iṣẹ́ kéékèèké láti àárọ̀ dalẹ́: mú ìgbálẹ̀ wá, gbé omi síbẹ̀, ju ìyẹn nù, jókòó. Ìránṣẹ́ ni ọmọ bẹ́ẹ̀, kò ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí òbí fi ní láti máa pariwo. Ẹ fún ọmọ ní ohun kan pátá, láti orí dé ìdí, kó jẹ́ pé òun ló mọ ìgbà tí ó yẹ kó ṣe é, òun ló mọ ibi tí ohun èlò rẹ̀ wà, òun náà ló sì mọ bí yóò ṣe rí nígbà tó bá parí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ ọdún 9 yín ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ fún un ní abọ́. Ẹ má kàn sọ pé "lọ fọ abọ́". Ẹ jókòó tì í lórí àpótí, kí ẹ fọ̀ ọ́ níṣojú rẹ̀ ná láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ó rí i pé a kọ́kọ́ ń gbọn àjẹkù dànù, pé abọ́ tí ọbẹ̀ ti gbẹ mọ́ gbọ́dọ̀ rin sínú omi kí á tó fọwọ́ kàn án, pé ife ló ń ṣáájú nígbà tí omi ọṣẹ ṣì mọ́, lẹ́yìn náà síbí àti abọ́ ìjẹun, kí ìkòkò tó kún fún ọ̀rá wá kẹ́yìn. Ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ wọ inú ọpọ́n tí fóòmù ọṣẹ bò, ẹ̀gbẹ́ kan ni kó wà níbi tí ojú ti ń rí i. Omi ìṣan méjì. Lẹ́yìn náà kó da abọ́ délẹ̀ sínú agbọ̀n kí omi rẹ̀ ro. Lọ́jọ́ kejì, òun ni kó ṣe é, kí ẹ̀yin wá jókòó wò ó. Kí ẹ tó fi í sílẹ̀ pátápátá, ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ibi tí kò bá yé e ni yóò hàn níbẹ̀.

Ohun tó ṣòro fún àgbàlagbà ni èyí tó kù: bí ọmọ bá fọ̀ ọ́ tán tí ọ̀rá sì wà lẹ́yìn abọ́, ẹ má ṣe lọ tún un fọ̀ lẹ́yìn tó bá sùn. Bó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan pé ẹ̀ ń tún un ṣe, ó ti mọ̀ pé ẹ kò nílò òun nìyẹn. Ẹ pè é, ẹ fi ìka yín pa ẹ̀yìn abọ́ náà kí òun náà fi tirẹ̀ pa á, kó gbọ́ bó ṣe ń yọ̀, kó sì dá a padà sínú omi. Kò sí ariwo nínú ìyẹn.

Ọmọ ọdún 4 lè máa to bàtà ẹnu ọ̀nà, kó máa kó aṣọ ìdọ̀tí sínú agbọ̀n, kó sì máa nu tábìlì tó ń kọ lẹ́tà A sí yẹn. Yóò rọ omi sílẹ̀ o, ẹ jẹ́ kó rọ ọ́. Obìnrin ọdún 13 ẹ̀wẹ̀, ẹ fún un ní omi ilé: kó mọ ìgbà tí dúrọ́ọ̀mù yóò gbẹ, kó máa dé e, kó sì máa fi kànìnkànìn fọ inú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí pé ẹyin ẹ̀fọn máa ń di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ òun nìkan ni yóò máa pọn ọ́n. Ẹ̀yin àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni kẹ́ ẹ jọ máa fà á ní kànga. Ìdáná sì ń kọ́? Ẹ jọ pín in. Ìyá tó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ yín ní kékeré rò pé òun ń ṣe yín lóore, ọmọkùnrin yín sì lè bá ara rẹ̀ ní yàrá kan ní ìlú òkèèrè lọ́la láìsí ìyá, láìsí ìyàwó.

Olùkọ́ Ìsánlú

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. A ṣe ti ọjọ́ Sátidé bí Màmá Kàbà ṣe là á kalẹ̀. Inú àpò ìrọ̀rí tí a fi nu fáànù ya àwọn ọmọ lẹ́nu débi pé wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò fa èkejì. Ọmọkùnrin mi ti gba abọ́. Ó ń ṣe é lọ́ra, ó sì máa ń bá fóòmù ṣeré, ṣùgbọ́n n kò tún un fọ̀.

Ohun mẹ́ta ló kù. Ọmọbìnrin mi yóò ṣe ìdánwò àṣejáde Jùníọ̀ lọ́dún yìí. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́? Èkejì, igi ni a fi ń dáná bí gáàsì bá tán, dúdú ẹ̀yìn ìkòkò sì ti sú ọmọ ọdún 9 yìí. Ẹ̀kẹta, bí ìyàwó mi bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, orí abọ́ ló kọ́kọ́ ń lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo rẹ̀ fọ̀.

Àǹtí Ayétòrò

Ẹ má yọ ọ́ o. Ẹ dín in kù: kó máa ṣọ́ dúrọ́ọ̀mù nìkan, kí ẹ̀yin gba fífọ rẹ̀ títí ìdánwò yóò fi parí. Ẹ bi òun fúnra rẹ̀ léèrè ọjọ́ tí yóò gbà á padà, kí ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà.

Màmá Kàbà

Ti ìkòkò rọrùn. Kí ẹ tó gbé e ka iná igi, ẹ po eérú mọ́ omi ọṣẹ díẹ̀ kó ki, kí ọmọ fi pa ẹ̀yìn ìkòkò yíká. Orí eérú ni dúdú yóò dì mọ́, omi yóò sì ṣí i kúrò. Èyí tó ti pẹ́ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ wá ewé epin, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ fi ha á. Ọwọ́ yín ni kó ṣe ìyẹn, nítorí ó máa ń bó ọwọ́ ọmọdé.

Ní ti ìyàwó yín, ẹ jẹ́ kó ka ọ̀rọ̀ tí Àǹtí Ayétòrò kọ nípa ẹ̀yìn abọ́ kó tó wọ mọ́tò ní Lọ́kọ́ja. Bí ó bá rí ọ̀rá, kó pe ẹni tó ni abọ́. Ìkòkò ọbẹ̀ ni kó dojú kọ, torí òun nìkan ló mọ ibi tó kó irú sí.

Olùkọ́ Ìsánlú

Mo ti fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kí n yéé da iyọ̀ sínú ike ṣúgà.